Ẹni Tí Máwẹ̀yìn Tẹ̀ Lé

Etí ẹṣin náà ni Kareemah kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó gùn ún. Etí méjì tó rí ṣóńṣó yọ láti inú eruku ní ìkángun pápá, wọ́n dúró lórí orí pupa rúsúrúsú kan bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, nígbà tí àwọn ẹṣin yòókù ṣì jẹ́ ariwo lásán lẹ́yìn. Òun nìkan ló wà níwájú. Ìlà funfun kan gùn láti iwájú orí rẹ̀ dé imú, bí ẹni pé wọ́n da wàrà sí i lórí tí wàrà náà sì ń ṣàn bọ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò na pàṣán, kò pariwo, kò ju apá. Ó jókòó bí ẹni tó jẹun yó tó wá ń gba atẹ́gùn lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni. Pápá gbalasa tó wà lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó ni àwọn tó ní ẹṣin ní Ìwó, ní Kuta àti ní Ilé-Ogbó máa ń kó ẹṣin wọn lọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Wọn yóò yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹ̀bùn kan gúnmọ́ níbẹ̀ ju pé wọn yóò fi aṣọ funfun wé ọrùn ẹṣin tó bá ṣáájú, orúkọ rẹ̀ yóò sì wà lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà títí di ọdún mìíràn. Lójú àwa tí wọ́n bí síbẹ̀, ìyẹn tó nǹkan tí ènìyàn lè torí rẹ̀ má fojú kan oorun.

"Ó ti yára jù!" ni bàbá kan tó dúró nítòsí wí. "Ọmọ Kuta yẹn ti ba tiẹ̀ jẹ́. Ta ló ń bọ́ síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀? Kó tó yí ìkejì, èémí á ti tán nínú ẹṣin yẹn."

Gbogbo àwọn tó yí i ká ló gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kareemah ò gbà. Ó rí i pé bí ẹṣin náà ṣe dé ìdí igi igbá, etí méjèèjì tó ń wo iwájú yí padà, wọ́n kọjú sẹ́yìn bí etí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Ó rí i pé ọwọ́ agẹṣin náà ti wálẹ̀ díẹ̀, àti pé ìṣísẹ̀ ẹṣin náà ò gùn tó bó ṣe gùn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń lé e bọ̀ pàápàá ti ń rọra bọ̀, wọn ò sì mọ̀.

"Kò yára mọ́," ni Kareemah wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bó ṣe rò lọ. "Ó ń sinmi."

Moṣọpẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, yíjú sí i. "Ta ló ń sinmi?"

"Ẹṣin yẹn. Ó ń sinmi níwájú gbogbo wọn. Òun ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa sáré fún wọn, wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n ń lé e."

"Kareemah, oòrùn ti pa ọ́."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ máa gun ọ̀kan fún wa lọ́dún tó ń bọ̀ ni?"

Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n fi kọjú sí ìparí. Ẹṣin dúdú kan gba apá òsì yọ, èyí tó ní tótòtó gba apá ọ̀tún, imú àwọn méjèèjì sì kan ìrù ẹṣin pupa náà. Gbogbo pápá hó yèè. Nígbà náà ni ọmọ Kuta náà ṣe ohun tí Kareemah yóò máa rí lójú oorun fún ìgbà pípẹ́. Kò kúkú ṣe nǹkan kan. Ó kàn tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni, bí ẹni tó ń dá ẹyẹ sílẹ̀. Ẹṣin pupa náà na ara, ó fẹ́ẹ̀ fi àyà kan koríko, gbogbo èémí tó ti fi pamọ́ láti ìdí igi igbá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń na ẹṣin tí kò ní nǹkan kan nínú mọ́.

Bàbá náà yí ojú kúrò lọ́dọ̀ Kareemah. Moṣọpẹ́ ló pariwo.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀! Ọ̀rẹ́ mi sọ bẹ́ẹ̀! Ó ní ó ń sinmi ni!"

Ó pariwo náà títí agẹṣin tó ń fa ẹṣin rẹ̀ rìn kí ara rẹ̀ lè tutù fi gbọ́. Ó yí ẹṣin padà tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀, ó sì tọ̀ wọ́n wá. Eruku ti bo ìpéǹpéjú ọ̀dọ́mọkùnrin náà débi pé ojú rẹ̀ dà bíi ti arúgbó, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ń dán.

"Ta ló ní mo ń sinmi?"

Kareemah wá ibi tí yóò sá sí, ṣùgbọ́n Moṣọpẹ́ ò tóbi tó ohun tí ènìyàn lè fara pamọ́ sẹ́yìn. "Èmi ni. Ẹ má bínú."

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Ní ìdí igi igbá. Etí ẹṣin yín kọjú sẹ́yìn."

Ó wò ó, ó tún un wò. Ó wá tẹ̀ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ àṣírí ilé. "Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ sókè mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó máa rí i."

Nígbà tó lọ tán, Kareemah ò fi bẹ́ẹ̀ rántí ojú rẹ̀. Ohun tó rántí ni pé òun ò tíì rí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ohun tó ń ṣe, tí inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kì í ṣe ìyanu pé Kareemah mọ etí ẹṣin í kà. Ilé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Bàbá Mùkáílà, ni olórí àwọn ẹlẹ́ṣin àdúgbò wọn. Ẹṣin funfun ni tirẹ̀, Alágbà lorúkọ rẹ̀, ó sì ti dàgbà débi pé ènìyàn ò mọ èyí tó jẹ́ àwọ̀ àti èyí tó jẹ́ ewú lára rẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún, bí wọ́n bá kírun tán ní Yídì, Alágbà ni yóò ṣáájú, gbogbo ẹṣin tó kù yóò sì máa tẹ̀ lé e bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà Bàbá Mùkáílà. Ẹnikẹ́ni kì í kọjá Alágbà. Wọn ò kọ ọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn pàápàá mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ̀, Ràhámọ̀tù, ń gbin ẹ̀pà sí ọ̀nà Kuta. Bí wọ́n bá já ẹ̀pà tán tí ewé rẹ̀ gbẹ, Kareemah ni yóò di í, tí yóò rù ú wálé fún Alágbà, nítorí kò sí oúnjẹ tí ẹṣin fẹ́ràn tó o. Iṣẹ́ òwúrọ̀ nìyẹn. Tó bá di ọ̀sán, inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí òun àti Moṣọpẹ́ ní nítòsí ọjà Odò-Ọ̀rí ni ó ń wà.

Ibẹ̀ ni ọmọ Kuta náà bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo fẹ́ rán."

Kareemah ti mọ̀ ọ́n kó tó gbójú sókè, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Ẹ káàbọ̀. Bùbá ni àbí agbádá?"

"Aṣọ ọdún ni. Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́. Máwẹ̀yìn ni."

"Ta ni Máwẹ̀yìn?"

"Ẹni tó ń sinmi."

Moṣọpẹ́ bú sẹ́rìn-ín nínú kọ̀rọ̀ tó wà. Kareemah gbé ẹ̀rín tirẹ̀ mì. "Mi ò lè rán aṣọ fún ẹni tí mi ò wọ̀n. Ẹ mú un wá."

Eré ló ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ẹṣin pupa kan dúró gbọn-in lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kẹ̀kẹ́ ò ríbi kọjá, àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè, ìyá kan sì na ara bo igbá tòmátì rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣé ẹ ò mọ eré ni?" ni Kareemah wí.

"Ẹ ṣáà ní kí n mú un wá."

Kò sí ohun tó kù ju pé kó mú tépù kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹṣin. Ó wọn ẹ̀yìn, ó wọn àyà. Nígbà tó dé ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ kan àpá kan tó le kandi lábẹ́ àgbọ̀n ẹṣin náà.

"Kí ló ṣe é níbí?"

"Ẹṣin mìíràn ló ta á nípàá nígbà tó ṣì kéré, ní apá àríwá, kí n tó rà á. Wọ́n ní ṣe ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, kì í fẹ́ rí ìdí ẹṣin kankan níwájú rẹ̀ mọ́. Ìgbéraga rẹ̀ pọ̀ jù, bí ọba ló ṣe ń ṣe."

Kareemah fi ọwọ́ pa àpá náà jẹ́jẹ́. "Ìgbéraga kọ́ ni èyí. Ẹ̀rù ni."

Ọkùnrin náà wo ẹṣin rẹ̀ bí ẹni pé òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í hàn án. Abdulsobur lorúkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí Kareemah ṣe ń wọn ẹsẹ̀ tí kò nílò wíwọ̀n, ó bi í bó ṣe ń rí ẹ̀yìn láìyíjú.

"Iṣẹ́ àwọn tó wà lẹ́yìn ò le," ni Abdulsobur wí. "Wọ́n ń wo ẹni iwájú, wọ́n ń lé e. Èmi ò rí ẹnì kankan. Mi ò sì gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn, nítorí tí mo bá wẹ̀yìn pẹ́nrẹ́n, Máwẹ̀yìn á mọ̀ pé àyà ń já mi. Etí rẹ̀ ni mo fi ń ríran. Bí wọ́n bá jìnnà, etí yẹn á rọ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ wa, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo kàn ń bá a fi èémí pamọ́ díẹ̀ díẹ̀, bí ìyá tó ń ri ẹran mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìgbà tí àwọn tó kù bá fi máa mọ̀, ọbẹ̀ tiwọn ti tán."

"Ẹ̀tàn nìyẹn."

"Ẹ wá fẹjọ́ mi sùn."

Aṣọ náà pẹ́ kó tó parí. Moṣọpẹ́ béèrè pé kí ló lè máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára aṣọ tí kò lápá, tí kò sì lọ́rùn. Abdulsobur ń wá wò ó lójoojúmọ́ tí ọ̀nà bá gbé e dé Ìwó, ọ̀nà sì ń gbé e dé Ìwó ṣáá. Ọjọ́ tó wá gba aṣọ náà níkẹyìn, aṣọ aláró tó ní ìṣẹ́tí àwọ̀ òféèfèé, ó ká a mọ́ apá, kò sì lọ.

"Kareemah, má bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀ mọ́."

"Kí ni kí n wá máa pè ọ́?"

"O ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ni Abdulsobur wí, ó sì rẹ́rìn-ín dé orí ọ̀kadà rẹ̀.

Wọ́n fẹnu kò pé àwọn ènìyàn Abdulsobur yóò wá tọrọ Kareemah lẹ́yìn Iléyá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wá, ó ní òun yóò kọ́kọ́ bọlá fún bàbá ìyàwó òun: òun yóò gun Máwẹ̀yìn wá lọ́jọ́ ọdún, òun yóò sì wà lára àwọn tó ń tẹ̀ lé Alágbà bọ̀ láti Yídì.

"Máwẹ̀yìn ńkọ́?" ni Kareemah béèrè. "Ṣé á gbà?"

"Á gbọ́ tèmi."

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Iléyá, Bàbá Mùkáílà gbé agbádá ńlá wọ̀, fìlà rẹ̀ pupa bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Alágbà ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ níwájú. Abdulsobur fi Máwẹ̀yìn sẹ́yìn pátápátá, ṣùgbọ́n òógùn ti bo ẹṣin náà, ìfófòó ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ràn. Ní ìyànà kan, àwọn ẹṣin tó wà láàárín yà díẹ̀. Máwẹ̀yìn rí ààyè. Ó gba ibẹ̀ kọjá fìrì, ó fi èjìká gbo agbádá Bàbá Mùkáílà, fìlà bọ́ sínú eruku, ó sì dé iwájú Alágbà.

Ohun tó wá mú kí gbogbo ará Ìwó máa rẹ́rìn-ín ni ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Bó ṣe rí i pé kò sẹ́nì kankan níwájú òun mọ́, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó dín ìṣísẹ̀ rẹ̀ kù. Etí rẹ̀ méjèèjì kọjú sẹ́yìn. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi bó ṣe ń darí gbogbo wọn lọ, olórí ẹlẹ́ṣin ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn láìdé fìlà, títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà.

Abdulsobur dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Mùkáílà ò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Mo ti gbọ́ pé o fẹ́ràn ọmọ mi," ni ó wí. "Mo sì ti rí ọ lórí ẹṣin. Mi ò ní purọ́, mi ò rí irú rẹ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa fẹ́ Kareemah gbọ́dọ̀ lè wà lẹ́yìn nígbà tó bá yẹ kó wà lẹ́yìn. A tún máa gun ẹṣin lọ́jọ́ Máólúdì. Bí ẹṣin yẹn bá wà lẹ́yìn Alágbà láti Yídì dé ibi tí o dọ̀bálẹ̀ sí yìí, kí àwọn ènìyàn rẹ wá bá mi lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má wulẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu."

"Bàbá, tó bá gun ẹṣin mìíràn ńkọ́?" ni Kareemah wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹṣin yẹn ni mo wí."

Abdulsobur padà sí Kuta, ó sì gbìyànjú. Ó yá ẹṣin pẹ̀lẹ́ kan, ó ní kí wọ́n máa fà á lọ níwájú; Máwẹ̀yìn kọjá rẹ̀. Ó mú un gba ọ̀nà tóóró nínú oko kòkó, níbi tí ẹṣin méjì ò ti lè rìn pọ̀. Máwẹ̀yìn gba àárín igi kòkó, ó fa ṣòkòtò olówó rẹ̀ ya, ó sì kọjá. Ó fi aṣọ bò ó lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Máwẹ̀yìn gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó kọjá.

"Èmi ni mo kọ́ ọ pé iwájú nilé rẹ̀," ni ó sọ fún Kareemah lórí fóònù. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ fún un pé irọ́ ni mo pa?"

"Má sunkún, ẹlẹ́ṣin mi."

"Ta ló ń sunkún? Kòkòrò ló kó sí mi lójú."

"Kòkòrò Kuta mà tóbi o."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Kareemah gbé fóònù sílẹ̀, ojú tirẹ̀ náà ò gbẹ.

Ìgbà ẹ̀pà dé. Abdulsobur wá bá Ràhámọ̀tù fa ẹ̀pà lóko, bó ṣe yẹ kí àna ṣe, bí wọn ò tilẹ̀ tíì fọmọ fún un. Ó so Máwẹ̀yìn mọ́ igi, ó bọ́ sóko. Nígbà tó yá, Kareemah gbé ẹrù ewé ẹ̀pà gbígbẹ rẹ̀ rù, ó mú ọ̀nà tó lọ sí títì pọ̀n. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn, ó rò pé Moṣọpẹ́, tí wọ́n jọ wá sóko, ni.

"Moṣọpẹ́, yára ńlẹ̀."

Ẹni tó wà lẹ́yìn fẹ́ èémí gbígbóná sí i lọ́rùn. Kareemah fẹ́ kígbe. Abdulsobur ló kọ́kọ́ kígbe láti inú oko.

"Má dúró! Kareemah, má dúró, má sáré, máa lọ bẹ́ẹ̀!"

"Ó ń jẹ ẹrù mi!"

"Jẹ́ kó jẹ ẹ́!"

Ràhámọ̀tù dúró tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́. "Ẹ gbà mí o. Àwọn ọmọ yìí ti ya wèrè."

Máwẹ̀yìn ti já okùn rẹ̀, ó sì ń rìn lẹ́yìn Kareemah bí àgùntàn. Kareemah rọra, ó rọra. Kareemah yára díẹ̀, ó yára díẹ̀. Ọ̀nà fẹ̀ lápá ọ̀tún, ó fẹ̀ lápá òsì, kò sì wá ibi tí yóò gbà kọjá. Abdulsobur sáré dé, ilẹ̀pa kún ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá mi ní Alágbà ló gbọ́dọ̀ wà níwájú," ni Kareemah wí, kò yíjú, ó ṣì ń rìn. "Kò sọ pé kí ẹnì kankan má wà láàárín."

"Lójú gbogbo Ìwó?"

"Lójú gbogbo Ìwó."

Àwọn méjèèjì mọ ohun tíyẹn jẹ́. Ọmọbìnrin tó bá ru ẹrù rìn níwájú ẹṣin ọkùnrin láàárín ìgboro lọ́jọ́ ọdún, tẹ́ni náà ò bá wá fẹ́ ẹ, ibo ni yóò gbé ojú rẹ̀ sí? Ràhámọ̀tù ní òun ò gbọ́, òun ò sì rí. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó rìn lọ díẹ̀, ó tún padà. "Ẹ di ẹrù náà kó tóbi o. Alágbà ò mọ̀ ọ́n yára."

Ní àárọ̀ Máólúdì, Bàbá Mùkáílà ti wà lórí Alágbà ní Yídì kó tó rí ọmọ rẹ̀ tó ru ẹrù wọ àárín ẹṣin.

"Kí nìyí?"

"Oúnjẹ Alágbà ni, Bàbá."

Bàbá wò ó. Ó wo Abdulsobur tó wà lórí ẹṣin pupa lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ tẹ̀ mọ́rí dáadáa, ó sì ta Alágbà ní kẹ́sẹ́ jẹ́jẹ́.

Wọ́n gbéra. Kareemah ò lè wẹ̀yìn; ẹrù ò jẹ́. Ìró ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, àti ìró ewé tí ẹnu kan ń fà yọ lórí rẹ̀. Nígbà náà ló yé e yékéyéké bí iṣẹ́ Abdulsobur ṣe rí: kí gbogbo ohun tí ọkàn rẹ fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ, kí o má sì lè yíjú wò ó. Ó dín ìṣísẹ̀ rẹ̀ kù nígbà tí Alágbà bá rọra. Ó ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ìrù funfun yẹn má baà sún mọ́ ojú Máwẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn tó tò sí ẹ̀bá ọ̀nà ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ọmọ ta nìyí.

Ní iwájú ṣọ́ọ̀bù bírẹ́dì kan, Alágbà dúró. Ó ya ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Ẹṣin àgbà kì í kánjú níbẹ̀. Gbogbo wọn dúró. Kareemah gbọ́ pátákò kan tó ń ha ilẹ̀.

"Kareemah." Ohùn Abdulsobur rẹlẹ̀. "Ó ti ń wo Alágbà. Etí rẹ̀ ń gbọ̀n."

Kareemah fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan àyà ẹṣin náà. Ó nawọ́ sókè, ó fa ewé yọ, ó gbé e fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí aṣọ tí òun yóò tún rán fún un ṣe máa rí: yóò láwọ̀ ewé, yóò ní òwú funfun létí, òun yóò sì bá a rán jíńjín tó ń dún mọ́ ọn lọ́rùn. Pátákò náà dákẹ́. Alágbà tọ̀ tán, ó gbọn ara nù, ó tún gbéra.

Ó ku gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ilé wọn nìkan nígbà tí Kareemah rí i pé orí òun fúyẹ́. Ó nawọ́ sókè. Òṣùká rẹ̀ àti okùn lásán ni ọwọ́ rẹ̀ kàn. Ewé ti tán.

Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó máa rìn lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó ń retí ìgbà tí ẹṣin pupa náà yóò fi èjìká gbo òun kọjá lọ. Ìró ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà ò yára. Ó ń bọ̀ bó ṣe ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, imú kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Moṣọpẹ́ ló kọ́kọ́ rí i láàárín èrò. "Ewé ti tán! Ẹ wò ó, ewé ti tán, ó ṣì ń tẹ̀ lé e!"

Bàbá Mùkáílà gbọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó dá Alágbà dúró, ó sì yíjú padà.

"Oúnjẹ Alágbà dà?"

"Máwẹ̀yìn ti jẹ ẹ́ tán, Bàbá."

Èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. "Ọmọ Kuta, mo ní kí ẹṣin rẹ tẹ̀ lé Alágbà. Ta ló tẹ̀ lé?"

Abdulsobur sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sójú ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí lọ́jọ́ Iléyá. Ó lè ní Alágbà ni. Gbogbo ojú ló ṣáà rí i pé ẹṣin òun wà lẹ́yìn.

"Kareemah ló tẹ̀ lé, Bàbá. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀rù ẹṣin tó bá wà níwájú ń bà á, kò sì ní tẹ̀ lé Alágbà láéláé. Kareemah nìkan ló lè tẹ̀ lé. Èmi náà, bẹ́ẹ̀ ló rí."

Kareemah di okùn òfìfo náà mú. Bàbá Mùkáílà wo ọmọ rẹ̀, ó wo imú ẹṣin tó wà léjìká rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. Ó fa ìjánu, Alágbà sì rọra yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Dìde, má ba aṣọ ọdún jẹ́," ni ó wí. "Eruku Alágbà ti tó yín í fà símú. Ẹ kọjá, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Bí wọ́n ṣe ń kọjá, ó tún béèrè pé, "Àwọn ènìyàn rẹ dà?"

"Wọ́n wà lẹ́yìn, Bàbá. Wọn ò fẹ́ kọjá yín."

Ẹ̀rín tí Bàbá Mùkáílà rín lọ́jọ́ náà, Alágbà pàápàá yíjú wò ó.

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ìkórè. Nígbà tí Kareemah ń lọ sí Kuta, ó ní òun ò fẹ́ ọkọ̀. Iwájú gàárì ni Abdulsobur gbé e sí, òun sì wà lẹ́yìn rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì yí i ká débi okùn ìjánu. Máwẹ̀yìn wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, jíńjín ń dún lọ́rùn rẹ̀. Àwọn tó sìn wọ́n ti padà sílé. Oko ẹ̀pà wà lápá òsì, ọ̀nà sì ṣófo lọ réré.

Kareemah wo etí ẹṣin náà. Àwọn méjèèjì kọjú síwájú, wọn ò sì mì.

"Ṣé ó ń sinmi ni?" ni Abdulsobur bi í létí.

"Rárá," ni Kareemah wí. "Ó ń lọ sílé."